Ta Ló Ni Agogo Tó Ń Dún Nínú Kọ̀ǹpútà Wa?

 Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Bí wọ́n bá rí iwájú kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, wọn yóò mọ̀ pé eku ti kọjá méjì. A jókòó láti ka orí kan nínú ìwé, ohun kan yọ ní igun ìsàlẹ̀, ó ní ẹnì kan ti fi àwòrán sórí Facebook. A padà sórí ìwé, òmíràn tún dún, ó ní ẹ̀dà tuntun áàpù kan ti jáde. Kí a tó ka ojú ewé kan tán, a ti ṣí nǹkan mẹ́rin, a kò sì rántí ibi tí a bá ìwé dé mọ́.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. A kò fẹ́ bú ẹ̀rọ, nítorí òun náà la fi ń ṣiṣẹ́. A kò sì fẹ́ wàásù fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu. Èrò tiwa ni pé gbogbo agogo tó ń dún nínú kọ̀ǹpútà ló ní ẹni tó ń lù ú, àti pé ẹni náà kì í sábà jẹ́ àwa tí a ni kọ̀ǹpútà. Ó yẹ kí a gba agogo náà padà. Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ èdè ló sì yẹ kí a kọ́kọ́ gbà á, nítorí etí la fi ń jẹun.

Ní Àjàṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí agogo wà fún. Bí olórí àdúgbò bá ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá ará àdúgbò sọ, bóyá ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tàbí ti abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé, akéde ló máa ń rán jáde, ẹni tí àwọn tó ń sọ Faransé nílẹ̀ wa ń pè ní gongonneur. Akéde á lu agogo, á dákẹ́, á jíṣẹ́, á sì kọjá lọ. Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta níbẹ̀. Èkíní, a mọ ẹni tó rán an. Èkejì, ọ̀rọ̀ tó gbé wá kan ẹni tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, bó bá jíṣẹ́ tán, ó ń lọ ni. Kì í padà wá kan ilẹ̀kùn ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta láti béèrè bóyá a ti gbọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí àti agogo ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn náà ní àkókò tí gbogbo ìlú mọ̀. Zangbeto tó ń ṣọ́ ìlú lóru pàápàá, ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe.

Kọ̀ǹpútà náà ní agogo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Nínú ASCII, ìyẹn àtòjọ àmì tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1963 kí ẹ̀rọ lè máa fi nọ́ńbà dúró fún lẹ́tà, nọ́ńbà 7 kì í ṣe lẹ́tà rárá, agogo ni. Láti ara ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí wáyà láti ìlú kan sí òmíràn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá ń bọ̀, ẹni tó ń fi í ránṣẹ́ á fi àmì náà sí i, agogo gidi á sì dún lára ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, kí òṣìṣẹ́ tó ti dìde kúrò níbẹ̀ lè mọ̀ pé iṣẹ́ dé. Ẹ jẹ́ kí a ro ìyẹn dáadáa. Ẹni tí kò sí nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n ṣe agogo fún, láti pè é wá sídìí iṣẹ́. Lónìí, ẹni tó ti jókòó sídìí iṣẹ́ ni agogo ń pè kúrò níbẹ̀.

Báwo ló ṣe yí padà bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 2009, Apple ṣí ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe áàpù fi lè máa fi ìfitónilétí ránṣẹ́ sórí iPhone láti ọ̀nà jíjìn, kódà nígbà tí ẹni tó ni fóònù kò ṣí áàpù wọn. Ní ọdún 2015, Chrome fún àwọn ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, Firefox sì tẹ̀lé e ní ọdún 2016. Láti ìgbà náà, ojú-òpó tí a ti pa dé lè máa pè wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé owó ìpolówó ni wọ́n ń jẹ, iye ìgbà tí a bá sì padà sọ́dọ̀ wọn ni owó náà dúró lé. Nítorí náà, ẹni tó ń lu agogo náà kò ṣèèṣì lù ú. Iṣẹ́ ajé rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ èdè wo ọ̀rọ̀ náà. Ní Faransé, notification ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń pè é nínú ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Àwọn tó bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá sábà máa ń lo ìfitónilétí. Ọ̀rọ̀ náà dára. Bí a bá tú u, ohun tí a mú dé etí ẹni ni. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo ohun tó ń bọ̀ létí. Ìkìlọ̀ yàtọ̀ sí ìránnilétí, ìpè yàtọ̀ sí ìkéde, ìpolówó yàtọ̀ sí gbogbo wọn.

Bí kọ̀ǹpútà bá sọ fún wa pé bátìrì ti fẹ́ tán nígbà tí iná ti lọ, ìkìlọ̀ ni, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dún. Bó bá sọ fún wa pé agogo mẹ́ta ni kíláàsì, àwa fúnra wa la ní kó sọ bẹ́ẹ̀, ìránnilétí nìyẹn. Bí olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ wa tàbí ìyá wa nílé bá ń wá wa, ìpè ni. Ọ̀rọ̀ tí aṣojú kíláàsì kọ fún gbogbo ẹgbẹ́, ìkéde ni, ó sì lè dúró títí di ìgbà tí a bá sinmi. Ẹni tó ní bàtà olówó pọ́ọ́kú wà, olùpolówó ni. Obìnrin tó ń ta àkàrà ní ọjà Ouando kì í wọ yàrá ẹ̀kọ́ wá polówó nígbà tí olùkọ́ ń sọ̀rọ̀, kí ló dé tí a fi gba ti bàtà láyè? Èyí tó sì ń sọ fún wa pé lágbájá ti fèsì sí ọ̀rọ̀ tí tàmẹ̀dò kọ, ẹ má jẹ́ kí a tan ara wa jẹ, òfófó ni.

Kọ̀ǹpútà fún gbogbo wọn ní ìró kan náà, àpótí kan náà, igun kan náà. Àléébù rẹ̀ gan-an nìyẹn. Nítorí ìkìlọ̀ kan tó wúlò, a gba òfófó ogún láyè. Kí a tó pa ohunkóhun lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá orúkọ kálukú padà fún un. Bí a bá ti mọ orúkọ rẹ̀, kò ní ṣòro láti mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè ní: gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí ń bá jà, kí ló kan ìmọ̀ ẹ̀dá èdè níbẹ̀? Ó kàn án gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin tí agogo dún sí létí lè padà sórí ìlà tó ń kà. Àwa, ohùn èèyàn la ń tẹ́tí sí láti dà á kọ sínú ìwé. Ẹ wo gbólóhùn kékeré méjì yìí: Ó lọ. Ò lọ. Èkíní sọ pé ẹni náà lọ. Èkejì, tó jẹ́ kò lọ tí kọ́ńsónáǹtì iwájú rẹ̀ ti já, sọ pé kò lọ. Ohùn tó wà lórí fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló ya bẹ́ẹ̀ ni kúrò lára bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ìró kọ̀ǹpútà bá bọ́ sórí fáwẹ̀lì náà, a ní láti dá ohùn náà padà, ká tún un gbọ́, ká tún un gbọ́ sí i. Bí ó ti rẹ̀ wá, a lè kọ èyí tó wù wá, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó bá ka iṣẹ́ náà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá yóò gbà pé bí baba àgbà náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà la fi ń gba ohùn sílẹ̀. Audacity kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn àgbà tó ń ki oríkì ìdílé wọn àti ìró tó jáde láti ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ohun tí máíkì bá gbọ́ ló ń gbà. Bí a bá gbé e lọ sínú Praat, ètò tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Yunifásítì Amsterdam, ìlà tó ń fi bí ohùn ṣe ń lọ sókè sódò hàn lè tẹ̀lé agogo náà bí ẹni pé láti ẹnu èèyàn ló ti jáde. Níbi tí kò sí ọ̀rọ̀, a lè gé ariwo dànù. Níbi tí ariwo àti ọ̀rọ̀ bá ti pàdé, ó ṣòro púpọ̀ láti yọ ọ̀kan kí èkejì má fara pa. Àgbà náà lè má tún un kì bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó sì lè jẹ́ pé nígbà tí a bá padà lọ, wọn kò ní sí mọ́. A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé nínú àwọn ohùn tó wà lọ́wọ́ wa, òmíràn wà tí kò ní ẹ̀dà kejì níbikíbi.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tún wà níbẹ̀. Bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ wa dá wọn lẹ́nu, ọ̀pọ̀ wọn á dákẹ́ nítorí wọ́n rò pé a fẹ́ dá a lóhùn. Bí wọ́n bá padà bẹ̀rẹ̀, wọn á ké ọ̀rọ̀ kúrú. Ohun tí a bá dé ọ̀dọ̀ wọn láti gbà, àwa náà la tún lé e dànù.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òun kàn máa ń gbójú fò ó. Ní ọdún 2015, Cary Stothart, Ainsley Mitchum àti Courtney Yehnert ti Florida State University ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ tó gba àfiyèsí, wọ́n sì ń pe fóònù àwọn kan tàbí kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i bí iṣẹ́ ti ń lọ. Iṣẹ́ àwọn tí fóònù wọn dún bàjẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, bí wọn kò tilẹ̀ fọwọ́ kan fóònù náà. Ṣáájú ìyẹn, ní ọdún 2008, Gloria Mark pẹ̀lú Daniela Gudith àti Ulrich Klocke ti fi hàn pé ẹni tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ lè yára láti dí àlàfo náà, ṣùgbọ́n wàhálà ọkàn rẹ̀ á pọ̀ sí i. Ìró náà nìkan ti tó láti kó bá wa. Kò dìgbà tí a bá ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a tún sọ ti owó. Ní oṣù keje ọdún 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n máa gba fàráǹkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tí èèyàn bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní oṣù kẹsàn-án, ariwo ta káàkiri lábẹ́ orúkọ TaxePasMesMo, tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n má gba owó orí lórí mẹ́gà wa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n fagi lé e. Ìjà náà tọ́. Àmọ́ a béèrè lónìí: mẹ́gà tí a kò jẹ́ kí ìjọba fọwọ́ kàn, ta la wá ń fún? Ìfitónilétí kékeré kò jẹ mẹ́gà púpọ̀, ṣùgbọ́n fídíò tó fà wá lọ wò ń jẹ ẹ́. A lọ wo ọ̀rọ̀ ìlà kan, a bá ara wa nídìí fídíò mẹ́ta, owó tó yẹ kí a fi wa ìwé sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti tán.

A mọ èsì tí ọ̀pọ̀ yín fẹ́ fún wa. Ẹ ó ní: bí a bá pa agogo, tí wọ́n sì yí àkókò ìdánwò padà lórí WhatsApp, ta ni yóò san án? Ọ̀rọ̀ náà lágbára, a kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìbẹ̀rù tó ń jẹ́ kí a ṣí etí sílẹ̀ tọ̀sán-tòru nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ìṣòro náà ni pé ìkéde àti ẹ̀fẹ̀ jọ ń gba ojú ọ̀nà kan náà. Láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó ṣe pàtàkì, àwòrán ẹ̀rín, àdúrà òwúrọ̀ àti àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù ló kún ibẹ̀. Ẹni tó ṣí etí sílẹ̀ gan-an lè má rí ìkéde ìdánwò nínú wọn. Nítorí náà, ojúṣe kíláàsì ni láti ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀. Láti ọdún 2018, WhatsApp ti fún àwọn alábòójútó ẹgbẹ́ láyè láti ṣètò rẹ̀ kí àwọn nìkan máa kọ̀wé síbẹ̀. Kí a ní ẹgbẹ́ kan bẹ́ẹ̀ fún ìkéde, kí òmíràn wà fún ẹ̀fẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀fẹ̀, kí a pa á lẹ́nu mọ́ títí láé. Ààyè fún ìyẹn wà níbẹ̀ láti ọdún 2020. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú lóòótọ́, kí aṣojú kíláàsì pe èèyàn lórí fóònù. Ìpè kì í dọ́gba pẹ̀lú ìkéde.

Ọ̀nà tí a lè gbà ṣe é kò le. Lórí Windows 11, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ N, ẹ ó rí àwòrán agogo kékeré kan. Ẹ tẹ ẹ́, «Ne pas déranger» ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn. Nínú «Paramètres», lábẹ́ «Système», ẹ ṣí «Notifications», kí ẹ yan áàpù tó lè kọjá àti èyí tí kò lè kọjá. Ẹ tún lè ṣètò wákàtí tí ìdákẹ́jẹ́ yóò máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ṣì ń lo Windows 10 yóò rí i lábẹ́ orúkọ «Assistant de concentration», lórí Mac sì ni «Concentration». Ẹ má gbàgbé WhatsApp tó wà lórí kọ̀ǹpútà: bí a bá pa fóònù lẹ́nu mọ́ tí a fi tí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, asán ni.

Àwọn ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì ló gba ìṣọ́ra jù. Àwọn kan tí a ti ń wo fíìmù lọ́fẹ̀ẹ́ máa ń ní kí a tẹ «Autoriser» láti fi hàn pé a kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀tàn ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ti fún wọn ní agogo láti máa lù nínú ilé rẹ̀, wọ́n á sì máa dẹ́rù bà á pé àrùn wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní Chrome, ẹ lọ sí «Paramètres», lẹ́yìn náà «Confidentialité et sécurité», «Paramètres des sites», kí ẹ ṣí «Notifications». Ẹ ó rí orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ ti gbà láyè. Ẹ yọ wọ́n. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àṣejù ni. Ní ọdún 2019, Mozilla tó ń ṣe Firefox sọ pé bíi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn kì í gbà. Láti oṣù kìíní ọdún 2020, Firefox kò jẹ́ kí ìbéèrè náà ṣàdédé yọ síni lójú mọ́.

Ní ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, ohun mẹ́ta la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Àkọ́kọ́, kí ó di àṣà pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ yóò pa agogo kọ̀ǹpútà àti ti fóònù, yóò sì yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò, kí ó tó kí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Èkejì, kí a fi í kún ohun tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní, bí a ṣe ń kọ́ wọn láti ṣàyẹ̀wò bátìrì àti máíkì. Ẹ̀kẹta, kí àwọn aṣojú kíláàsì ya wákàtí méjì sọ́tọ̀ lójúmọ́ fún ìkéde, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, kí olúkúlùkù lè mọ ìgbà tó yẹ kí òun wò ó. Kò gba owó, kò sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Èdè tí a ń kọ́ ní ohùn mẹ́ta, bí èèyàn bá sì ṣi ọ̀kan gbọ́, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kí a tó tún wọ yàrá àdàkọ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó wo orúkọ àwọn tó fún láṣẹ láti pè é, kó sì bi ara rẹ̀ nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé: ta ló rán ẹ sí mi? Èyí tí kò bá rí ìdáhùn fún, kó pa á lẹ́nu mọ́. Ire o.